Ohùn Ta Ló Wà Nínú Àwo Muscle Beach Party?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Àwo tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni Muscle Beach Party tí ilé iṣẹ́ Buena Vista gbé jáde lọ́dún 1964. Annette Funicello ló kọrin inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó wá ra àwo yìí kó lè máa gbọ́ orin fíìmù nílé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

American International Pictures ló ṣe fíìmù ọ̀hún, William Asher ni olùdarí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì òkun ní California ń bá àwọn géńdé tó ń gbé irin fa wàhálà. Ìtàn ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù báyìí lọ. Orin ni ẹran inú ọbẹ̀ yẹn. Annette kọrin, Frankie Avalon kọrin, Dick Dale ta gìtá kíkankíkan, Little Stevie Wonder náà sì kọrin. Fíìmù tí Stevie kọ́kọ́ hàn nínú rẹ̀ nìyẹn. Stevie yìí kan náà ló wá sí Èkó fún FESTAC ní 1977, tí wọ́n fi sátẹ́láìtì pè é láti Amẹ́ríkà lálẹ́ Grammy, tí ọ̀rọ̀ ò já geere.

Nínú gbogbo wọn, Annette nìkan ló wà nínú àwo Buena Vista. Ìwé àdéhùn ló fà á. Láti 1955, nígbà tó wà lọ́mọdé nínú ètò Mickey Mouse Club, ni Annette ti wà lábẹ́ Disney. Disney gbà kó lọ ṣeré fún ilé iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n Buena Vista tó jẹ́ tiwọn ló ni ohùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwo United Artists ni Frankie wà, òun náà sì gbé àwo tirẹ̀ jáde tó fi orúkọ fíìmù náà polówó. Capitol ló ni Dick Dale, Motown ló ni Stevie; inú àwo Stevie at the Beach ni ẹ ó ti bá Happy Street tó kọ nínú fíìmù.

Kí wá ni Buena Vista fi kún àwo? Wọ́n mú díẹ̀ nínú orin fíìmù, bíi Surfer's Holiday tí Brian Wilson, Gary Usher àti Roger Christian jọ ṣẹ̀dá. Muscle Bustle, tí Donna Loren kọ pẹ̀lú Dick Dale lójú sinimá, di ti Annette. Àyè ṣì ṣẹ́kù, wọ́n kó orin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí i, wọ́n sì fi Merlin Jones há a láàárín, orin fíìmù tí Disney fúnra wọn gbé jáde lọ́dún yẹn! Oníṣòwò ò sùn.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn àwo náà, nítorí ohùn tó wà níbẹ̀. Ohùn Annette kò tóbi, òun náà kò sì fi pa mọ́. Tutti Camarata tó ń darí orin fún Disney ló wá ọgbọ́n sí i: Annette á kọ orin tán, á tún un kọ lé ti àkọ́kọ́ lórí, wọn á sì fi gbohùn-gbohùn, ìyẹn ohùn tó ń dún padà, sí i. Ẹ fi agbọ́rọ̀ sétí, ẹ fọkàn sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ Annette méjì tó ń bára wọn rìn. Ká ní olóhùn ńlá ni wọ́n gbé irú orin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, eré ọmọdé ni ì bá jọ.

Ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn bi mí bóyá wọ́n tilẹ̀ rí àwọn olórin irú fíìmù yìí kó jọ sínú àwo kan rí. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1965, nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo Wand gbé àwo fíìmù etíkun mìíràn, How to Stuff a Wild Bikini, jáde. Ẹgbẹ́ olórin Kingsmen tó kọ Louie Louie wà níbẹ̀, àwọn òṣèré náà wà níbẹ̀. Frankie Avalon ni ẹ ò ní gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi yọjú nínú fíìmù ọ̀hún.