Ẹ Gbé Ìgbálẹ̀ Yẹn Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilé Àtijọ́ Wò Kí Á Tó Tún Un Lò

Ẹ gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Kí n tó kí yín rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ ohun tó gbé yín dé ìdí fídíò yìí. Wọ́n ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ kan lé yín lọ́wọ́: kọ́ọ̀tù ayé òyìnbó, ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ mọ́, gbọ̀ngàn ìlú tí àdán ti gbà. Ẹ fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìkàwé, owó ti jáde, ara yín ń yá gágá. Ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé kí ẹ kó èèyàn jọ, kí wọ́n wá gbá a mọ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe èmi àti ọ̀gá mi sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí á wá yẹ ẹ́ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ẹni tó pè wá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. A gbé àpótí iṣẹ́ kalẹ̀, a wolẹ̀: ilẹ̀ ń dán! Omi tí wọ́n fi nù ún ò tíì gbẹ. Alága ìgbìmọ̀ wọn yọ sí wa tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́? A ò fẹ́ kí ẹ̀yin àlejò bá dọ̀tí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló bá wa gbá a láàárọ̀ yìí." Ọ̀gá mi ò fèsì. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Eruku tí wọ́n gbá dànù yẹn la wá wò! Ṣe ló dà bí ẹni tó lo oògùn ibà tán kó tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láàbù á ní kò síbà. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ìgbálẹ̀ kì í pa eruku, gbígbé ló ń gbé e dìde. Imú àwọn ọmọ yẹn ló sì gbà á.

Kí ló wà nínú eruku ọ̀hún? Ọ̀kan ni òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead. Inú ọ̀dà ayé àtijọ́ ló wà, torí ó ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dúró. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé ní 1978. Níbí, ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tá a ṣì ń rà á lọ́jà. Nítorí náà, ọ̀dà àtijọ́ tí ẹ bá rí, ẹ kà á sí olójèé títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: wọ́n ń lọ òkúta wúrà láàárín agboolé, òjé inú eruku òkúta náà sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Eruku ni o. Ẹnikẹ́ni ò da májèlé sí wọn lọ́bẹ̀.

Èkejì ni asbestos. A ti ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nílẹ̀ yìí! Gbogbo àjà la ń pè ní asbestos, títí kan èyí tí kò ní ẹyọ kan nínú. Bí mo bá wá ní asbestos léwu, àwọn èèyàn á gbójú sókè wo àjà yàrá wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Asbestos gidi, òkúta ni, àmọ́ òkúta tó ń ya bí òwú, tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán ò rí i. Bó bá há sínú sìmẹ́ǹtì páálí àjà tí kò sán, wàhálà rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ gé e, ẹ fọ́ ọ, ẹ fi ayùn rẹ́ ẹ, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Àìsàn rẹ̀ sì lè gba ọdún 20, ó lè gba 40, kó tó yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ìtàn kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ní 1976, ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn ṣí ilé ńlá kan ní Berlin, Palast der Republik. Àwọn aṣòfin ń jókòó níbẹ̀, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ibi ijó wà níbẹ̀. Iná tó wà ní àbáwọlé rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù oníná Erich, Erich Honecker olórí wọn ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Irin ló gbé ilé náà ró. Wọ́n wá fọ́n asbestos sára irin yẹn kí iná má baà ràn án, wọ́n sì fi ẹwà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1990, asbestos yẹn ló mú kí wọ́n tì í pa. Ọdún 14 péré! Láti 1998 sí 2003 ni wọ́n fi ń kó o jáde, egungun ilé nìkan ló kù. Òṣèlú ló wá ní kí wọ́n wó egungun náà bẹ̀rẹ̀ láti 2006, àmọ́ asbestos ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Humboldt Forum, ilé àkójọ ohun àtijọ́, ló wà lórí ilẹ̀ yẹn báyìí, ibi tí idẹ Ìbíní wà tí gbogbo ayé ń wò.

Ṣé ẹni tó ń wo iná lè mọ̀ pé asbestos wà lẹ́yìn rẹ̀? Kò lè mọ̀. Ìwé ilé ló máa sọ fún un. Torí náà, kí ẹ tó mú ọ̀bẹ láti gé ọ̀dà tí ẹ máa gbé lọ sí láàbù, ẹ wá ìwé. Ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wá akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì lọ sílé rẹ̀: ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ òrùlé? Níbo ni jẹnẹrétọ̀ wà, níbo ni wọ́n ń da ọ́ìlì rẹ̀ sí? Ṣé wọ́n tẹ ìwé níbẹ̀ rí? Ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà.

Ó yá, ẹ wo ọwọ́ mi. Férémù fèrèsé nìyí. Mo fi omi tí mo po ọṣẹ díẹ̀ sí wọ́n ojú ibẹ̀, kí eruku má baà gbéra. Mo wá fi ọ̀bẹ gé ọ̀dà rẹ̀. Funfun ló wà lókè. Búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé. Lábẹ́ ìyẹn, pupa kan tó dà bí osùn, òun ló lẹ̀ mọ́ igi. Ọ̀pọ̀ yín, orí funfun yẹn lẹ máa ń dúró sí! Ọ̀dà tí alága kàǹsù kùn lọ́dún tó kọjá lẹ gbé lọ sí láàbù yẹn! Ẹ GÉ E DÉ IGI. Mo tún un sọ: ẸNI TÍ KÒ BÁ GÉ E DÉ IGI, KÒ TÍÌ YẸ NǸKAN KAN WÒ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá tó ṣeé tì lẹ́nu, ẹ kọ yàrá àti ìhà tí ẹ ti gé e sí i lára, ẹ nu ọ̀bẹ kí ẹ tó gé òmíràn, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibi tí ẹ gé. Ìbòmú búlúù ti ọsibítù yẹn? Kò wúlò fún asbestos. Èyí tó ní àsẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹ́ ni kí ẹ lò.

Ní ti eruku, ẹ gé páálí kí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú, 30 lóòró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ títutù nu inú ihò náà nìkan. Iye òjé tó wà lórí ìwọ̀n àyè yẹn ni láàbù máa ṣírò. Ẹ ti wá rí ìdí tí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá fi máa ń purọ́ báyìí.

Ìyókù ò le: ẹ bu yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà tó ṣí lára ògiri máa ń bọ́ sí. Ẹ má fọwọ́ kan tiransifọ́mà ògbólógbòó, ọ́ìlì inú rẹ̀ lè ní májèlé. Ìgbẹ́ àdán, ẹ rin ín lómi kí ẹ tó kó o.

Ṣé mo ti sọ bọ́rọ̀ ilé ọjọ́sí yẹn ṣe parí? Ọ̀gá mi dìde lórí àpótí, ó ní kí wọ́n bá òun wá àkàbà. Ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé ò tó orí férémù ilẹ̀kùn, kò tó abẹ fáànù àjà, kò tó orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga tó wà ní kọ̀rọ̀. A nu gbogbo ibẹ̀. Eruku ọ̀pọ̀ ọdún wà níbẹ̀, ó ki bí èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ dè yín.

Nígbà tí èsì dé, òjé wà nínú gbogbo rẹ̀. Alága ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn ọmọ tó gbá a ńkọ́?"

Ọ̀gá mi ní kí wọ́n kó wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.