Bí mo ṣe ń tọpa ìdílé Boone, láti ẹnu ìyá ọkọ dé Pennsylvania

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ará Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìran Daniel Boone ni àwọn, ọdẹ tó la Wilderness Road wọ Kentucky ní 1775. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun wádìí ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Boone. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń wù yín. Daniel àti Rebecca bí ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó wù ú láàárín wọn ló máa so ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó relé ọkọ. Ó kan bàbá rẹ̀, ó kan bàbá bàbá rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ìwé tó so ọmọ mọ́ bàbá, ẹ dúró síbẹ̀.

Ó yá, ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. FamilySearch nìyí, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìwé ìdílé àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹ Search, mo mú Records, mo kọ Boone, mo yan ọdún 1850. Ọdún yẹn ni ìkànìyàn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà lómìnira nínú ilé, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe ẹrú: ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n bí wọn. Ìwé àwọn ẹrú wà lọ́tọ̀, orúkọ olówó wọn ló wà níbẹ̀, tiwọn kò sí. 1870 ni orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo 1840. Olórí ilé nìkan ló lórúkọ. Àwọn yòókù, iye wọn ni: ẹ rí 1 yìí, lábẹ́ obìnrin ẹni ogún sí ọgbọ̀n ọdún? Ìyàwó ni àbí àbúrò? Ìwé ò sọ.

Ní Kentucky ó tún le sí i, torí ìkànìyàn 1790 àti 1800 wọn ti sọnù. Ìwé owó orí la fi ń dí i. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Ìjà ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé Daniel fúnra rẹ̀ pàdánù tirẹ̀. Ẹlẹ́rìí á búra, á sọ ọjọ́ orí rẹ̀, á sọ ẹni tó bá débẹ̀, nígbà míì á ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé nílé wa, èyí ò ní ṣàjèjì sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún Squire. Orúkọ ni, kì í ṣe oyè. Bàbá Daniel ń jẹ́ Squire, àbúrò rẹ̀ náà ń jẹ́ Squire. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi to ọmọ ẹnì kan sábẹ́ ẹnì kejì. Orúkọ ìyàwó ló yọ mí: Sarah Morgan ni ti bàbá, Jane Van Cleave ni ti ọmọ. Ẹ wò ó, ọmọ Daniel kan wà tó ń jẹ́ Daniel Morgan Boone. Morgan yẹn, ti ìyá bàbá rẹ̀ ni. Irú orúkọ àárín bẹ́ẹ̀, ẹ máa fura sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ní Pennsylvania, ìjọ Quaker ni ìdílé yìí ń ṣe. Àwọn Quaker ìgbà yẹn kì í pe oṣù lórúkọ, wọ́n ní orúkọ òrìṣà wà nínú wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Kó tó di 1752, March ni oṣù kìíní. Ẹ kà á lórí ìka yín: oṣù kẹjọ bọ́ sí October. Àwọn èèyàn á rí 8, wọ́n á kọ August, ẹni márùn-ún míì á dà á kọ. 22 October 1734 ni wọ́n bí Daniel. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí kàlẹ́ńdà padà ní 1752, ọjọ́ mọ́kànlá fò, ìyẹn ni ìwé míì fi ń kọ 2 November. Ọjọ́ kan náà ni. Bí ìwé ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyá ọkọ ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Boone ni wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ Edward, àbúrò Daniel, ni ìwé gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá ò tíì sọ fáwọn ọmọ ọmọ.