Ọmọ Òkè-Odàn Tó Di Mẹ́yọ̀ ní Ireland: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ rìn wá láti Yábàá, mo kí yín. Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí ti gba ogunléndé rí. Lọ́dún 1867, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn onígbàgbọ́ l'Abẹ́òkúta. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe wàhálà náà. Ọ̀pọ̀ wọn sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ níhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ ogunléndé.

Rótìmí Adébárí, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 2000 ni òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ gúnlẹ̀ sí Ireland. Ó ní inúnibíni ẹ̀sìn ló lé òun kúrò nílé. Ìjọba ibẹ̀ ò gbà, wọ́n ní ẹ̀rí pé òun gan-an ni wọ́n dojú kọ ò tó. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé wọ́n ti bímọ kan sí Ireland, òfin ìgbà náà sì fàyè gba òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti máa gbé ìlú.

Nígbà yẹn, ẹni tó ń retí ìdáhùn lórí ìwé ìsádi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ owó. Nígbà tí ìwé sì dé, iṣẹ́ ò tètè wá. Adébárí bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Portlaoise, ìlú kan ní Ireland, fún àwọn tí kò níṣẹ́, òun tí kò níṣẹ́! Ó tún lọ kàwé gboyè kejì ní Dublin City University. Ibẹ̀ ni ìṣèlú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí pósítà kankan lára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí òfin ìdìbò wọn, torí àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa yin orí ẹni tó là, a kì í bi ìlú léèrè ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ní Ireland, ẹnikẹ́ni tó ń gbé àdúgbò lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀, ó sì lè díje, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń dìbò. Olùdìbò máa ń kọ 1 síwájú ẹni tó wù ú jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó kọ 1 fún bá já sílẹ̀, ìbò náà á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ẹ wo oore tí èyí ṣe fún àlejò: bàbá arúgbó kan lè fi 1 sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá tirẹ̀ ti ń dìbò fún, kó wá fi 2 fún ọmọ Áfíríkà tó kanlẹ̀kùn rẹ̀ lánàá. Kò da ẹgbẹ́, kò sì já àlejò kulẹ̀.

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 2004, Adébárí wọlé sí káńsù ìlú Portlaoise láìní ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan náà, Dókítà Táíwò Matthew, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wọlé ní ìlú Ennis. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, nínú àpótí mìíràn, nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Ireland fọwọ́ sí i pé kí ọmọ tí àjèjì bá bí síbẹ̀ má di ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò rò pé àgàbàgebè ni. Ọ̀pọ̀ àjèjì tí wọn ò mọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Rótìmí, wọ́n mọ ilé rẹ̀.

Lọ́dún 2007 àwọn kánsẹ́lọ̀ bíi tirẹ̀ ní Portlaoise yàn án ní mẹ́yọ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò bẹ́ẹ̀ ní Ireland. Ẹ dákun, ẹ má fi wé alága káńsù tiwa o. Ọdún kan ni, ẹ̀wọ̀n oyè lọ́rùn, ìpàdé àti ayẹyẹ. Kò sí bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ń jà sí.

Nígbà ìbéèrè, arákùnrin kan ní kí n sọ bóyá irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, ó ti ṣẹlẹ̀ dé ìwọ̀n kan: ní 2015, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá wọlé sí ilé aṣòfin àpapọ̀ láti Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n ará Tógò tó ti ń tajà ní Ọjà Ọyìngbò fún ogún ọdún, tí kò gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, kò lè dìbò yan kánsẹ́lọ̀. Ìwé òfin 1999 ní kó gbé ìlú fún ọdún 15 kó tó lè gbà á, kí gómìnà sì gbà pé ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á. Bó tilẹ̀ gbà á, kò lè di gómìnà láé. Ọmọ bíbí Nàìjíríà nìkan ni òfin fún nípò náà.

Ìyá kan bá na ọwọ́: "Olùkọ́, báwo ni gómìnà ṣe máa mọ̀ pé àdúgbò tẹ́wọ́ gba èèyàn?" Mo ní, "Mà, kí a kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù àdúgbò yín bóyá ayálégbé lè sọ̀rọ̀ nípàdé." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan níwájú, alága irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ní àwọn á jíròrò rẹ̀.