Píánò àti sakisofóònù nìkan: bí ẹni méjì ṣe ń gbé orin jáàsì dúró láìsí béèsì, láìsí ìlù

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni méjì péré la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí: ọ̀kan jókòó sídìí píánò, èkejì gbé sakisofóònù kọ́rùn. Orin tí wọ́n fẹ́ ṣe ni àwọn orin Amẹ́ríkà tí gbogbo oníjáàsì mọ̀ lórí, tí púpọ̀ nínú wọn ti inú eré ìtàgé Broadway àti sinimá jáde láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1950. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí ẹgbẹ́ bá ti kéré, iṣẹ́ á fúyẹ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni méjì, ọwọ́ òsì onípíánò ló sì máa ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tó ní béèsì, onípíánò kì í sábà tẹ ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù (ohùn tí wọ́n fi ń pe àkójọ ohùn náà lórúkọ), torí béèsì ti gbà á ṣe. Ohùn kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkẹsàn-án, tí a bá kà láti ìpìlẹ̀, ló ń tẹ̀, ọ̀nà tí onípíánò Bill Evans sọ di gbajúmọ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1950. Ó dùn, kò sì wúwo létí. Ẹ wá gbé e wá síbi tí kò ti sí béèsì. Onípíánò fẹ́ lu D♭maj7, ó tẹ F, A♭, C àti E♭. Fm7, kọ́ọ̀dù mìíràn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ F, gẹ́lẹ́ nìyẹn! Kò sí ohunkóhun tó máa sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé D♭ ni wọ́n wà. Bí onísakisofóònù bá wá fọn D♭ sí i, á dà bíi pé òun ló ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí onígìtá béèsì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí o.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọwọ́ òsì lè gbà yọ ara rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kó tẹ ìpìlẹ̀ àti ohùn keje, tàbí ìpìlẹ̀ àti ohùn kẹwàá, kó sì jẹ́ kí wọ́n dún pẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ohùn kẹwàá á fà á: ìpìlẹ̀ á ṣíwájú bíìtì díẹ̀, kí ohùn òkè lè bọ́ sórí bíìtì gan-an. Èkejì ni kí ọwọ́ òsì máa rìn bíi béèsì, ohùn mẹ́rin nínú báà kan (bíìtì mẹ́rin). Ìpìlẹ̀ á wà lórí bíìtì kìíní, ohùn tó bá wà lórí bíìtì kẹrin á sì fi ìdajì ohùn péré (kọ́kọ́rọ́ píánò kan) jìnnà sí ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìlànà àwọn onípíánò Harlem, àdúgbò kan ní New York, ìgbà James P. Johnson: ohùn ìsàlẹ̀ lórí bíìtì kìíní àti ìkẹta, kọ́ọ̀dù ní àárín píánò lórí ìkejì àti ìkẹrin. Ẹ má lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin. Ó máa ń sú èèyàn, pàápàá nínú orin tó bá lọ́ra.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ lò, ẹ ṣọ́ ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá ti kọjá C tó tẹ̀lé C àárín nísàlẹ̀, ẹ má kó ohùn tó súnmọ́ra jọ. Ohùn kan ṣoṣo, tàbí ọ́kítéèfù (ohùn kan náà lókè àti nísàlẹ̀), ti tó. Bí ẹ bá kó ohùn kìíní àti ìkẹta síbẹ̀, tí ẹ tún fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ariwo rúdurùdu ló máa jáde, ohùn ìsàlẹ̀ tẹ́nọ̀, sakisofóònù tó tóbi ju álítò lọ, á sì rì sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ agbára ọwọ́ òsì, kó wá àwo tí Archie Shepp onísakisofóònù àti Horace Parlan onípíánò ṣe ní 1977, tí wọ́n fi orin ẹ̀mí àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà kún. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ọwọ́ ọ̀tún Parlan jẹ́ láti kékeré, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wá ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú orin kan ká tú u wò: “Body and Soul”, tí Johnny Green ṣe ohùn rẹ̀ ní 1930. Báà 32 ni, AABA (A ni apá tó ń padà wá, B ni bíríìjì, apá tó yàtọ̀), kí (key) rẹ̀ sì ni D♭. Ní báà kẹrin, kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lọ láti Fm7 sí E dim, ó sì bọ́ sórí E♭m7 ní báà karùn-ún. Ìpìlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn kọ̀ọ̀kan: F, E, E♭. Ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ká gbọ́ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ketekete, nítorí òun ló ń dárí orin padà.

Bíríìjì ló ń já èèyàn. Láti D♭, orin fò sí D, ìdajì ohùn péré sókè. Lẹ́yìn báà mẹ́rin ó bọ́ sí C, kó tó fi C7, B7, B♭7 sọ̀ kalẹ̀ padà sí E♭m7. Orúkọ tí sakisofóònù ń pe ohùn yàtọ̀ sí ti píánò: fún ẹni tó gbé tẹ́nọ̀, D♭ píánò ni E♭ tirẹ̀, D sì di E, tó ní ṣáàpù (♯) mẹ́rin. Fún ẹni tó gbé álítò, D yẹn di B, ṣáàpù márùn-ún. Píánò gidi kò ní bọ́tìnnì tíránsípóòsì tó ń yí kí orin padà, nítorí náà kí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò lórí kí orin náà kí wọ́n tó jókòó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí onísakisofóònù ti máa fọn ohùn D nígbà tí píánò ṣì wà ní báà tó kẹ́yìn A kejì. Kó mí níbẹ̀. Kó jẹ́ kí píánò kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn D, kó tó wọlé.

Bí orin náà bá ń lọ ní bíìtì 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, yípo kan (báà 32 náà látòkè délẹ̀) á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Yípo mẹ́ta ti ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ó sì tó. Lẹ́yìn tí sakisofóònù bá ti fọn ohùn orin tán, tó sì ti ṣe sólò tirẹ̀, kí píánò gba A méjì àkọ́kọ́ nínú yípo ìkẹyìn, kí sakisofóònù padà wọlé ní bíríìjì. Coleman Hawkins, onítẹ́nọ̀, kò tilẹ̀ lò ju yípo méjì lọ nínú àwo orin yìí tó ṣe ní oṣù kẹwàá 1939, Gene Rodgers sì fi báà mẹ́rin lórí píánò ṣínà fún un.

Tí ó bá kan píánò láti ṣe sólò, kí onísakisofóònù gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Mélòó là ń rí tí wọ́n ń fọn ohùn kéékèèké káàkiri lábẹ́ ọwọ́ onípíánò! Kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ìdákẹ́ yẹn wà lára ohun tí olùgbọ́ wá gbọ́.

Ti eré sísá wá ńkọ́? Láìsí onílù, àwọn méjèèjì á máa sáré láìmọ̀, pàápàá níbi tí ohùn bá ti kún. Ẹ yí mẹtironóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì) sí 60 fún orin tó ń lọ ní 120, kí ẹ ka dídún rẹ̀ sí bíìtì kejì àti ìkẹrin. Tó bá ti yí padà sí kìíní àti ìkẹta létí yín, ẹ ti ṣáko lọ.

Píánò kò lè yí ohùn rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, sakisofóònù ló máa tẹ̀lé e. Kí ó fọn fèrè títí tó fi móoru, torí fèrè tútù máa ń wà nísàlẹ̀, kí píánò tó fún un ní A. Tẹ́nọ̀ á fọn B, álítò á fọn F♯. Bó bá ga jù, kó fa ẹnu fèrè síta lórí kọ́ọ̀kì ọrùn fèrè. Bó bá relẹ̀, kó tì í wọlé. Ṣùgbọ́n fífà tó pọ̀ jù máa ń ba ìbáṣepọ̀ ohùn jẹ́: àwọn ohùn tó ń lo ọ̀pá kúkúrú á relẹ̀ ju àwọn tó ń lo gbogbo ọ̀pá lọ. Kí ó tún ṣọ́ D àti E tó ń lo kọ́kọ́rọ́ ọ́kítéèfù; wọ́n sábà máa ń ga.

Ohùn ìkẹyìn ni èyí ti máa ń hàn jù. Ohùn píánò ń kú lọ fúnra rẹ̀, onísakisofóònù sì fẹ́ bá a kú lọ. Bó ṣe ń dín afẹ́fẹ́ kù ni ohùn rẹ̀ ń gòkè, torí ó ń fún rííìdì (ewé tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè) pọ̀ láìmọ̀. Kó dẹ àgbọ̀n rẹ̀, kó má dẹ afẹ́fẹ́. Kó sì fi D♭ sílẹ̀ fún ọwọ́ òsì. F, tí tẹ́nọ̀ ń pè ní G, ni kó dì mú.