Ọwọ́ Tó Wà Nínú Ọmọláńgidi: Kí Ni Frank Oz Ń Sọ Gan-an?

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo yín pátá. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á nílé náà lè ṣe é. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè kọjá orí, kí apá nà tààrà, kẹ́ ẹ wá pa ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lókè, kí àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀ bí àgbọ̀n. Ó yá, ẹ máa sọ orúkọ yín, kẹ́ ẹ sì máa la ẹnu yẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Àtàǹpàkò ni kó máa lọ sísàlẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìka òkè máa fò, torí tí ìka òkè bá ń fò, ṣe ló máa dà bíi pé orí ọmọláńgidi yẹn ń já sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá ti lanu. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì péré. Apá ti ń ro yín, àbí? Frank Oz, ọ̀kan lára àwọn tó darí Muppets, àwọn ọmọláńgidi aláṣọ orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, fi ohun tó lé ní 30 ọdún ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ kì í sì í sí lára ọmọláńgidi náà, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ níwájú ẹ̀ ló máa ń wò, kó lè rí ohun tí kámẹ́rà ń rí.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè nìyẹn, torí àríyànjiyàn tá a fẹ́ sọ yìí, orí ẹnu lásán làwọn èèyàn ti máa ń jà á, wọn ò kì í rántí apá tó ń ro èèyàn.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní 2011, Disney mú àwọn Muppets padà sínú sinimá, ọdún méjìlá lẹ́yìn fíìmù tó ṣáájú ẹ̀ tó jáde ní 1999. Jason Segel, òṣèré kan tó ti fẹ́ràn àwọn ọmọláńgidi yìí láti kékeré, òun àti Nicholas Stoller ni wọ́n kọ ọ́, James Bobin ló darí ẹ̀. Kó tó jáde ni Frank Oz, ẹni tó fi ọwọ́ àti ohùn ṣe Miss Piggy ẹlẹ́dẹ̀, Fozzie béárì aláwàdà, Animal onílù àti Sam the Eagle láyé àtijọ́, sọ fáwọn oníròyìn pé inú òun ò dùn sí ìwé eré náà, pé òun ò rò pé wọ́n bọ̀wọ̀ fáwọn ẹ̀dá inú ẹ̀. Ó tiẹ̀ fi kún un pé òun ò fẹ́ máa sọ ọ́ kiri kó má lọ ṣe fíìmù náà léṣe. Gbólóhùn díẹ̀ yẹn ti tó, ni àwọn fáànù bá pín sí méjì. Àwọn kan ní baba ń bínú pé ayé ti lọ láìdúró dè é, àwọn kan ní ohun tí Oz bá ti sọ, òun labẹ gé, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè wí mọ́. Látìgbà yẹn, kí wọ́n ṣáà ti gbé nǹkan tuntun jáde lórúkọ Muppets, ìjà yẹn á tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo gbà pé Oz mọ nǹkan kan tí àwa tá a kàn ń wòran ò mọ̀, ẹnu oníkàn la sì ti ń gbọ́ pọ̀ún.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Jim Henson, ẹni tó dá Muppets sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1955 pẹ̀lú ètò kékeré kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Washington. Ẹ̀wù òtútù àtijọ́ ìyá ẹ̀ ló gé tó fi rán Kermit, tó wá di ọ̀pọ̀lọ́ olórí wọn, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì tó là sí méjì ló sì fi ṣe ojú ẹ̀. Oz dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1963, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún Rowlf, ajá tó ń tẹ dùùrù yẹn. Henson á fi ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ darí orí, á fi òsì wọ ọwọ́ òsì ajá, Oz á wá dúró tì í gbágbáágbá, á ki ọwọ́ bọ ọwọ́ ọ̀tún. Èèyàn méjì nínú ara kan ṣoṣo. Nígbà tó yá wọ́n ṣe Swedish Chef, alásè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tó ń sọ, orí àti ohùn jẹ́ ti Henson, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ èèyàn gidi tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ti Oz ni. Oz á kàn ṣàdédé gbé nǹkan jù sókè, Henson ò mọ̀ pé ó fẹ́ ṣe é, ẹnu alásè á sì ní láti wá nǹkan sọ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un wò dáadáa, ẹ̀ ń rí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bá ara wọn ṣeré nínú aṣọ kan náà. Ta ló lè kọ ìyẹn sínú ìwé eré?

Miss Piggy ńkọ́? Bonnie Erickson ló ṣe é ní 1974, níbẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n wọn, The Muppet Show, ní 1976 sì rèé, ẹlẹ́dẹ̀ kan láàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀ akọrin ni, òun àti Richard Hunt ni Oz jọ ń pín in ṣe. Ọjọ́ kan nígbà ìfidánrawò, ìwé eré ní kó gbá Kermit létí. Oz ò gbá a létí, ṣe ló là á mọ́lẹ̀ bí oníkaráàtè. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọjọ́ yẹn gan-an la sì bí Piggy. Oz wá lọ jókòó, ó ro ìgbésí ayé fún un: pé bàbá ẹ̀ ti kú nígbà tó ṣì kéré, pé ìyá ẹ̀ ò ṣe dáadáa sí i, pé ìdíje ẹwà ló ń wọ̀ kiri kó lè rí nǹkan jẹ. Wọn ò fi èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n o. Àmọ́ ẹ wo bí Piggy ṣe ń gbá irun dà sẹ́yìn, ẹ wo bó ṣe máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó bú mọ́ni, ẹ máa rí i pé ẹni tí ìyà ti jẹ rí tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ni.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Fozzie. Nínú fíìmù 2011, wọ́n wọ bàtà kan fún Fozzie tó ń dún bí ìsó, wọ́n sì fi polówó fíìmù náà. Ó wà nínú ohun tó dun àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí jù, wọ́n ní àwàdà olówó pọ́ọ́kú ni. Àwọn fáànù dáhùn pé Fozzie ọ̀hún kúkú ni aláwàdà tí àwàdà ẹ̀ kì í dùn, kí ló wá burú níbẹ̀? Mo ro èsì yẹn gan-an torí kì í ṣe èsì òmùgọ̀. Ibi tí mo wá já sí ni pé nínú eré àtijọ́, àwàdà Fozzie kọ́ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ lẹ́yìn àwàdà ni. Á sọ ọ́ tán, gbọ̀ngàn á dákẹ́ lọ gbári, àwọn bàbá arúgbó méjì tó máa ń jókòó sókè gbọ̀ngàn á bú u, orí ẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, fìlà á yẹ̀, á wá tún gbórí sókè torí ó gbà tọkàntọkàn pé èyí tó kàn á dùn. Ìgbàgbọ́ yẹn ni Fozzie. Bàtà tó ń só ò nílò ìgbàgbọ́ kankan, kí a wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì, á dún bákan náà.

Ohun tí mo rò pé Oz ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé kí wọ́n má ṣe tuntun, ẹni tó sọ ẹlẹ́dẹ̀ akọrin di Piggy ò lè máa bẹ̀rù tuntun.

Mi ò sì rò pé Segel ń fojú tín-ínrín àwọn Muppets. Ìfẹ́ ló ti ṣe é, ẹ ò lè wo fíìmù yẹn kẹ́ ẹ má rí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ máa ń rántí bó ṣe rí lára òun, òṣèré máa ń rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibi tí ọ̀nà ti yà nìyẹn. Walter, ọmọláńgidi tuntun tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, fáànù ni, ojú ẹ̀ la fi ń wo gbogbo ẹ̀, Kermit wá di ẹni àná tó ń dá gbé nínú ilé ńlá. Láyé àtijọ́, àárín àwọn òṣèré gan-an ni òǹkọ̀wé ti ń wá. Jerry Juhl, olórí àwọn òǹkọ̀wé The Muppet Show, ti ki ọwọ́ bọ ọmọláńgidi rí kó tó di pé ó ń kọ ọ́. Òun ló kọ fíìmù Kérésìmesì ti Muppets tó jáde ní 1992, ọdún méjì lẹ́yìn tí Henson kú, Brian ọmọ ẹ̀ ló darí ẹ̀, Oz ṣì wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ fáànù ló sì gbà títí dòní pé kò sí èyí tó dùn tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé látìgbà tí Henson ti lọ ló ti bàjẹ́, kí lẹ máa ṣe sí ìyẹn?

Àwọn tó ń pe Oz ní òjòwú náà ní ẹ̀rí tiwọn, mi ò ní fi pamọ́: àwọn èèyàn fẹ́ràn fíìmù 2011 gan-an, ọ̀kan nínú orin ẹ̀ gba Oscar, ọ̀pọ̀ ọmọdé ò bá má mọ Kermit rárá tí kì í bá ṣe òun. Pé ẹnì kan jẹ́ òṣèré àtijọ́ ò sì sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ká gbé mì. Ẹ wo Steve Whitmire tó gba Kermit lẹ́yìn Henson ní 1990, tí Disney yọ lọ́dún 2016. Ó ní ara ohun tó fa wàhálà ni pé òun ta ko ibì kan nínú ètò tẹlifíṣọ̀n ti 2015, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí Kermit parọ́ fún Robin ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwọn ọmọ Henson fúnra wọn ò gbè sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní ìwà ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ò dáa. Síbẹ̀ lórí irọ́ Robin yẹn, èmi gbà pẹ̀lú ẹ̀: Kermit lè gbójú sá, ó lè bínú, àmọ́ kì í wo ojú ọmọ kékeré kó parọ́. Ètò yẹn ò ju apá 16 lọ tí wọ́n fi dá a dúró. Èèyàn lè ṣòroó bá ṣiṣẹ́ kó sì tún jàre.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, arábìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká má wo fíìmù 2011 náà mọ́ ni? Torí èmi sunkún níbi tí Kermit àti Piggy ti jọ kọ orin òṣùmàrè yẹn.” Mo ní àbúrò mi, èmi náà sunkún níbẹ̀. Orin yẹn, láti fíìmù Muppets ti 1979 ni, Kermit jókòó sórí igi nínú omi ẹrẹ̀, bánjò lọ́wọ́ ẹ̀. Jim Henson wà nínú àgbá irin kan lábẹ́ omi yẹn ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń yà á, ó ká ara jọ, ọwọ́ ẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ sókè, tẹlifíṣọ̀n kékeré náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní kó lọ wo ti 1979 àti ti 2011 tẹ̀léra, kó pa ohùn ẹ̀ nígbà kejì, kó máa wo ọrùn Kermit nìkan, bó ṣe ń rọra yí kí orin tó bẹ̀rẹ̀.