Ta Ló Ń Jẹ Èrè Ọrọ̀ Ajé Tó Ń Dàgbà? Ọ̀rọ̀ lórí Ọjà Iṣẹ́ àti Òṣì Agbègbè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Abúlé kan lórílẹ̀-èdè Austria ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí. Marienthal lorúkọ rẹ̀, kò jìnnà sí Vienna. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé náà gbójú lé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé ibẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel, kó àwọn akẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n lọ wo bí ayé ṣe rí fún àwọn ará abúlé náà. Wọ́n fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, aago wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn kọjá. Àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró ṣáá lójú ọ̀nà, nítorí kò síbi tí wọ́n ń lọ. Àwọn obìnrin, tí iṣẹ́ ilé ṣì wà lọ́rùn wọn, ń yára jù wọ́n lọ. Ìwé tí àwọn ará abúlé ń yá ní ilé ìkàwé dín kù sí nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkókò tí wọ́n lè fi kàwé ti pọ̀ sí i, wọn ò sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá yá ìwé mọ́.

Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn sọ ohun tó sọ agbègbè kan di tálákà, ọ̀pọ̀ á dárúkọ ọ̀nà tí kò dáa, ilẹ̀ tó ti ṣá, òjò tí kò rọ̀. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: ta ló ń sanwó fún iṣẹ́ níbí, èèyàn mélòó ni wọ́n, èló ni wọ́n sì ń san? Ohun tí mò ń pè ní ọjà iṣẹ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ ajé tó ń dàgbà ń gbà wọlé tálákà, tó bá máa wọlé rárá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye àìríṣẹ́ṣe tan yín jẹ. Nínú ìlànà àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kà, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Kí wọ́n tó kà ọ́ mọ́ àwọn aláìríṣẹ́ṣe, o ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá, o gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́, kó o sì ti múra tán láti bẹ̀rẹ̀. Ta ló lè fi oṣù mẹ́fà wá iṣẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan kan? Ẹni tó ní nǹkan nílé ni, tàbí ẹni tí ìjọba ń fún lówó ìrànwọ́. Tálákà paraku á kiri ọjà, á ru ẹrù, á bá wọn roko fún ọjọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí iye àìríṣẹ́ṣe ní Sípéènì fi ga ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù ú lọ fíìfíì. Ó lé ní bílíọ̀nù 2 òṣìṣẹ́ láyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé àdéhùn, tí kò ní ààbò òfin, ni wọ́n ń ṣe. Nínú èdè wa, àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́, a sì máa ń sọ pé èkíní ni oògùn èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ń lo oògùn yẹn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àìsàn náà ò sì lọ.

Kí ló dé? W. Arthur Lewis, ọmọ erékùṣù Saint Lucia tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1954, mi ò sì tíì rí ẹni tó la ọ̀rọ̀ náà yéni jù ú lọ. Ẹ wo ìdílé ẹni márùn-ún tó ń dá oko tí ẹni méjì lè dá. Tí mẹ́ta bá kúrò, irè oko náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Tí ilé iṣẹ́ kan bá wá ṣí sítòsí, kò pọn dandan kó san ju díẹ̀ lé lórí ohun tí wọ́n ń rí jẹ lóko, nítorí ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ogún èèyàn ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọjà tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe lè di ìlọ́po méjì, kó di ìlọ́po mẹ́ta, kí owó òṣìṣẹ́ má kúrò lójú kan. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ló ń jẹ èrè. Tó bá fi èrè náà ṣí òmíràn, ìlà á máa kúrú. Ọjọ́ tí ìlà bá tán ni owó iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Ní ọdún 1980 ni wọ́n sọ Shenzhen ní Ṣáínà di agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe, ìyẹn ibi tí ìjọba ti dẹ òfin fún àwọn ilé iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wọ́ wá láti ìgbèríko. Ó di nǹkan bí ọdún 2004 kí àwọn ilé iṣẹ́ àyíká ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àwọn ò rí òṣìṣẹ́ tó. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín.

Ibi tí ìdàgbàsókè ò bá ti nílò èèyàn, ìlà yẹn ò ní kúrú láé. Equatorial Guinea rí epo rọ̀bì nínú òkun, owó orílẹ̀-èdè náà sì fò sókè bí ìgbà tí wọ́n ta á. Àmọ́ èèyàn díẹ̀ ló ń wa epo láàárín òkun.

Ìṣòro mìíràn wà tí mo gbà pé a kì í sọ tó. Lọ́dún 1933, Joan Robinson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbani síṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó wà nílùú. Ọ̀gá dín owó rẹ̀ kù. Níbo ló fẹ́ lọ? Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, àwọn ọmọ ń lọ síléèwé, ìlú kejì sì jìnnà. Á gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Nírú ibẹ̀, kì í ṣe bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe níye lórí tó ló ń pinnu owó rẹ̀, àìríbi-sá-lọ ni. Ọ̀gá tó ń san owó tó kéré sí ohun tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé fún un ṣì lè jèrè tí òfin bá ní kó fi kún un. Ìdí nìyí tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ kò fi máa ń lé èèyàn kúrò níṣẹ́ tó bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 1992, Pennsylvania tó bá a pààlà ò yí tirẹ̀ padà. David Card àti Alan Krueger fi àwọn ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wéra, wọn ò rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey. Àwọn onímọ̀ kan ta kò wọ́n, àríyànjiyàn náà ò sì tíì tán, ṣùgbọ́n Card gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021.

Àwọn kan á ní, ṣebí kí èèyàn kó lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ní Ìlà Oòrùn Jámánì, ọ̀pọ̀ kó lọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì yí owó oṣù padà ní oókan sí oókan. Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ò lè tajà wọn mọ́, wọ́n ń tì wọ́n pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, pàápàá àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ẹni tó lọ ti bọ́, àmọ́ oníbàárà àti olùsan-owó-orí ló bá a lọ, ìlú tó fi sílẹ̀ sì ń gbó. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ìwádìí tí David Autor, David Dorn àti Gordon Hanson gbé jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé ní àwọn agbègbè tí ọjà láti Ṣáínà ti gba iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kó lọ síbì kankan. Wọ́n dúró síbẹ̀, iṣẹ́ dín kù, owó dín kù.

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti gbìyànjú, òfin tí Íńdíà ṣe lọ́dún 2005 ló wù mí jù. Ó ṣèlérí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún fún ìdílé tó bá béèrè ní ìgbèríko. Ẹni tó ní ibòmíràn láti lọ lè sọ fún olóko pé owó yìí ò tó. Àwọn tó ṣèwádìí sì rí i pé owó tí àwọn aládàáni ń san fún alágbàṣe gòkè níbi tí ètò náà ti múlẹ̀ dáadáa.

Nígbà kan tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tán, ìyá kan bi mí pé ṣé kí ìjọba gbé iṣẹ́ lọ bá èèyàn ni, àbí kó gbé èèyàn lọ bá iṣẹ́. Mo ní kí ìjọba kọ́kọ́ ka iye agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀, kó sì padà sílé lálẹ́. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, bọ́ọ̀sì tó ń lọ déédéé sí ìlú kejì lè ṣe ju ilé iṣẹ́ tuntun lọ. Ìyá náà ní, Marienthal ńkọ́, tí kò jìnnà sí Vienna? Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Vienna fúnra wọn ń wá iṣẹ́ nígbà yẹn, bọ́ọ̀sì kankan ì bá má ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ìjọba fúnra rẹ̀ gba àwọn èèyàn síṣẹ́ ni mo mọ̀.