Láti Yàrá Kan sí Èkejì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn mi yẹn, òjò ni, lórí páànù ilé bàbá mi ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Mi ò sí ní Winnipeg, ní Canada, lọ́sẹ̀ yìí. Abẹ́ aṣọ òkè ìyá mi ni mo fi orí sí, kí ohùn má baà máa dún bíi ti inú agolo. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Fíìmù tí mo ṣèlérí rẹ̀ nìyí: I'm Thinking of Ending Things, tí Charlie Kaufman ṣe ní 2020, láti inú ìwé Iain Reid. Àwọn kan nínú yín ní àwọn wò ó tán, àwọn ò mọ ohun tí àwọn wò. Ẹ má bínú, èmi náà, nígbà àkọ́kọ́, oorun ló gbé mi lọ.

Ọmọbìnrin kan bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, Jake, wọ mọ́tò, wọ́n ń lọ kí àwọn òbí Jake lóko, yìnyín ń já bọ́. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń rò ó pé òun máa já ọkùnrin yìí sílẹ̀. Láàárín kan, wọ́n á ṣàdédé gbé bàbá arúgbó kan wá, tó ń nulẹ̀ ilé-ìwé. Ibi tó ti dojú rú ni pé orúkọ ọmọbìnrin yẹn kì í dúró: Lucy, ó di Louisa, ó di Ames. Iṣẹ́ rẹ̀ ń yí, aṣọ ọrùn rẹ̀ ń yí. Ewì tó kà nínú mọ́tò, tó ní òun lòun kọ ọ́, inú ìwé kan ní yàrá Jake ló ti bá a. Ó rí fọ́tò ọmọdé lára ògiri, ó ní òun nìyí. Jake ní rárá o, òun ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ò kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Yorùbá wo ló ń jẹ́ orúkọ kan? Àdùkẹ́ ni ìyá mi ń pè mí, ìyá bàbá mi ní tiwọn, ilé-ìwé ní tiwọn, àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi sì gé e kù sí "Fumi". Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ mí lórúkọ nílé, olúkúlùkù ló ju owó sínú àwo omi kó tó la ẹnu. Ta ló sọ ọmọbìnrin yẹn lórúkọ? Lójú tèmi, bàbá tó ń nulẹ̀ yẹn ni. Òun náà ni Jake, lẹ́yìn tí ọjọ́ ti lọ. Ọmọbìnrin kan tó rí lẹ́ẹ̀kan ní ilé ọtí, tí kò láyà láti kí, ló fi ń ro gbogbo èyí. Kò mọ orúkọ rẹ̀, ló ṣe ń dán oríṣiríṣi wò. Nígbà tí wọ́n sì wá pàdé ní kọ́rídọ̀ ilé-ìwé, obìnrin náà ní ọkùnrin kan ń wo òun ṣáá níjọ́ yẹn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, pé kí ẹnì kan ní kí òun sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí òun ṣàpèjúwe ẹ̀fọn tó jẹ òun ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀fọn!

Mo mọ bàbá yẹn. Ọdún méjì àkọ́kọ́ mi ní Winnipeg, ilé-ìwé ni mo ń nù lóru. Bí mo bá ti ti mọ́ọ̀pù dé ìdí àwọn lọ́kà, Àdùkẹ́ kan wà n'Íbàdàn tí ò lọ síbì kankan: ó ń kọ́ni ní kíláàsì, ó ń wọ Micra láti Mọ́kọ́lá lọ Bódìjà, ó ń bá bàbá rẹ̀ jẹ àmàlà lọ́jọ́ Sunday. Mo rán aṣọ fún un. Mo fún un lọ́kọ, mo tún lé ọkọ náà lọ torí pé ó ń hanrun. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ta ni èmi pẹ̀lú mọ́ọ̀pù?

Ẹ máa bi mí bóyá bàbá yẹn kú. Mọ́tò tí yìnyín bò ni wọ́n fi parí ẹ̀. Mo gbà pé ó kú. Ijó àti orin tó ṣáájú ìyẹn ti gùn jù fún mi.

Ilé àwọn òbí Jake ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Yàrá kejì, ó ti di arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ àwọn nǹkan ní yàrá bàbá rẹ̀ kó má baà gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan ní orí Jake ló dàrú. Bóyá. Ní 2019 tí mo wálé, bàbá mi fúnra wọn ló gbé àpótí mi gun àtẹ̀gùn. Ní 2022, irin àtẹ̀gùn ni wọ́n dì mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìwé tí ìyá mi lẹ̀ mọ́ ike oògùn wọn: ÀÁRỌ̀. ALẸ́. Lára ilẹ̀kùn kan: ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ NÌYÍ. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo ṣí, bàbá mẹ́ta ni mo bá. Kí ló wá dàrú níbẹ̀?

Lálẹ́ àná, mo tún fíìmù yẹn wò ní pálọ̀, bàbá mi jókòó tì mí. Wọ́n nawọ́ sí ọmọbìnrin inú mọ́tò.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Wọn ò tíì sọ, sà."

Wọ́n wojú mi títí. "Àbẹ̀ní, lọ ti fèrèsé, òjò ń wọlé."

Àbúrò wọn ló ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo ní "Ẹ̀ẹ́n, bùọ̀dá mi," mo dìde, mo lọ ti fèrèsé.